Ọwọ́ Àkíbù Lórí Òkè Olóyin

Ọwọ́ ọkọ mi ló fọ́ ojú àbúrò rẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ìyìn bo àbùkù mọ́lẹ̀. Àkíbù ni orúkọ rẹ̀. Bàbá Hikmat ni èmi ń pè é, nítorí Hikmat ni àkọ́bí wa. Wẹ́dà ni. Irin ló ń jó mọ́ irin lẹ́nu ọ̀nà ilé Agbógundé ní Bẹyẹrunkà, ilé tí wọ́n bí i sí. Ilé náà ni wọ́n gbé èmi Sẹ̀gilọlá wá níyàwó láti Àrẹ̀mọ, ó di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí. Ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ni mò ń tà ní Ọjà'ba, ẹnu mi sì mú ju ọjà mi lọ. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ara Àkíbù ṣì gbóná, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má lu èèyàn. Ó lu awakọ̀ kan tó fi mọ́tò tẹ irin rẹ̀ mọ́lẹ̀, eyín méjì bọ́ lẹ́nu onítọ̀hún. Ó lu àwọn géńdé mẹ́ta tó fẹ́ já fóònù gbà lọ́wọ́ mi ní Bẹẹrẹ, ó lù wọ́n títí àwọn èèyàn tó ń pariwo olè fi ń bẹ̀bẹ̀ fún olè. Nígbà tí kò bá rí èèyàn lù, á lu ilẹ̀kùn. Èmi nìkan ni kò lù rí. Kì í ṣe pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ahọ́n mi ló ń bẹ̀rù.

Mikail ni ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, Àkíbù sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Ó yẹ kí n sọ pé èmi kì í pe Mikail lórúkọ, nítorí wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ. Akọ́wé ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo dàgbà jù ú lọ. Kó má bínú pé mo kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ ni.

Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, Mikail fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọ yàrá tí bàbá náà kú sí. Ó mú bírikìlà wá, ó fọ́ ògiri láti fi fèrèsé sí i, kò sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àkíbù ti ibi tó ti lọ ra irin dé, ó bá ihò lára ògiri bàbá rẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan péré ni, ṣùgbọ́n òrùka fàdákà wà lọ́wọ́ tó fi gbá a. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ilé ìdáná, ó dún bí ẹyin tó já bọ́. Nígbà tí mo sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mikail wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú òsì mú, ẹ̀jẹ̀ àti omi mìíràn tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Àkíbù dúró tì í, ó ń wo òrùka rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, dókítà yọ ojú náà.

Níwájú mọ́gàjí ilé wa, Àkíbù gbé Àlùkùránì lé orí, ó sì búra pé títí ọjọ́ ikú òun, òun kò ní gbé ọwọ́ sókè lu ọmọ ènìyàn mọ́. Mikail jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lódì. Ọdún mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn wọn fi kọjú síra, tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, tí Mikail kò bá a sọ gbólóhùn kan. Tí ó bá ní nǹkan láti sọ, á dojú kọ mí, Àkíbù á sì wà níbẹ̀: "Ìyàwó wa, ẹ bá mi sọ fún bọ̀ọ̀dá pé omi ń jò láti orí páànù." Èmi náà á yíjú sí ọkọ mi, mà á tún un sọ bí ẹni tó ń túmọ̀ èdè. Ohun kan ṣoṣo tí Àkíbù ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ yẹn ni pé kí àbúrò rẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀ kí ikú tó dé. Ó ń sọ ọ́ lórí ẹní ìkírun, mo sì ń gbọ́.

Ìbínú tí kò rí ọwọ́ gbà jáde, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru ju ti ẹni tó yẹ kó wà láàyè lọ, ó ní kó máa rìn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lẹ́yìn àsùbáà, á kúrò ní Bẹyẹrunkà, á gun àtẹ̀gùn Mápó, á sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba, á gba Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ yí padà wálé. Kò pẹ́ tí òkè Mápó kò fi tó o mọ́. Oníbàárà kan sọ fún un pé adágún wà lórí òkè ní apá Òkè-Ògùn, omi tó jókòó sórí àpáta láìsí odò tó ń ṣàn sí i. Ó lọ wò ó. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí ìjọba bá ti fún wa, òkè ló ń lọ.

Àwa ará Ìbàdàn, tí èèyàn bá gun òkè tí kò ru igi bọ̀, tí kò sì ní oko lókè, a máa ń wo ojú ẹbí rẹ̀ bóyá wọ́n ti mọ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, ìdí ni pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti sún sínú ihò mẹ́ta, ara tiwọn sì ń wúwo sí i. Wọ́n di mẹ́sàn-án, wọ́n di méjìdínlógún. Wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á gbé búrẹ́dì àti ẹyin sísè dání, wọ́n á lọ rin etí omi, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nínú gbogbo òkè tí wọ́n gùn, Òkè Olóyin ni Àkíbù fẹ́ràn jù. Ó ní tí òun bá jókòó sétí adágún rẹ̀, tí òun ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́, ìka òun á rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní kànga wà ní ẹ̀yìnkùnlé wa tí kò gba mọ́tò. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún Mikail pé ojú ọ̀tún tó ṣẹ́kù náà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Iléyá, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àkíbù wà lẹ́nu iṣẹ́, iná irin ń ta. Mikail ní: "Ìyàwó wa, ẹ bá mi sọ fún bọ̀ọ̀dá pé mo fẹ́ rí omi orí òkè yẹn kí ojú mi tó kú."

N kò tíì lanu tí iná fi kú lọ́wọ́ Àkíbù. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó sì sunkún síbẹ̀ bí ọmọdé. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lọ́jọ́ náà ni mo sọ pé èmi náà máa ti ṣọ́ọ̀bù, mà á tẹ̀ lé wọn. N kò gun òkè kankan rí, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ bẹ́ láàárín ọkọ mi méjèèjì, ta ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀?

Ọjọ́ kẹta Iléyá la lọ, àwa àti àwọn tó máa ń bá Àkíbù gun òkè. Gàfárù ló pàdé wa nísàlẹ̀ òkè, ọmọ ìlú náà ni, òun ló máa ń mú wọn gun òkè láti ọdún mẹ́fà. Ó ní kí a má pẹ́ lókè, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wà létí omi, wọ́n ń ro ibẹ̀ sílẹ̀ de ọdún ìbílẹ̀ wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Mikail kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa, kò sì ní di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Àkíbù gé ọ̀pá kan, ó di orí rẹ̀ mú, ó na ìdí rẹ̀ sẹ́yìn. Mikail tọwọ́ bọ afẹ́fẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba ọ̀pá náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gun àpáta, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀pá láàárín wọn. Èmi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn wọn, mo ń bú ẹni tó dá òkè.

Nígbà tí a yọ sókè, mo dákẹ́. Omi náà dúdú, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́, àpáta yí i ká bí etí abọ́, gbogbo ojú ọ̀run sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọsánmà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níbẹ̀ kò jọ ti Ọjà'ba rárá. Mikail fi ọ̀pá sílẹ̀, ó rìn lọ sétí omi. Ó wò ó pẹ́. Omijé bọ́ lójú kan ṣoṣo rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà síbi tí Àkíbù dúró sí. Ó la ẹnu. Mo rí i, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ká ní mo panu mọ́ lọ́jọ́ náà!

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ilé Agbógundé, àwa ìyàwó ilé la ni oríkì. Àwọn ọkọ wa kò mọ̀ ju ìlà méjì lọ, àwa la gbà á lẹ́nu ìyakọ wa, àwa la ń fi í kí wọn níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Mo sì mọ̀ pé orúkọ Òkè Olóyin wà nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kì í, n kò ronú lọ́jọ́ kan pé èèyàn ń gbé ibẹ̀. Èrò tó wà lọ́kàn mi lórí àpáta yẹn ni pé: a kì í ṣe àjèjì níbí, bàbá ńlá àwọn ọkọ mi ti débí rí! Ni mo bá gbé ohùn sókè:

Ọmọ Agbógundé, ọmọ agun-òkè-má-mí,
Òkè Olóyin ga, bàbá yín fi ṣe àpótí ìjókòó.
Ó bu omi wọn mu lójú wọn,
Ó fi ìyókù fọ ẹsẹ̀ ẹṣin.
Ó kó ìyá, ó kó ọmọ,
Ó ní kí arúgbó dúró ṣọ́lé.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń roko dúró. Wọ́n tó méjìlá, àdá àti ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó dà bí ọ̀gá wọn, Dáramọ́lá ni wọ́n ń pè é, rìn wá sọ́dọ̀ mi jẹ́jẹ́. Ó ní: "Màmá, ẹ tún un kì ká gbọ́."

Mo rò pé ó dùn mọ́ ọn ni. Èmi Sẹ̀gilọlá, àgbà òmùgọ̀, mo tún un kì, mo tiẹ̀ gbé ohùn sókè sí i. Gàfárù ń ṣẹ́jú sí mi, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu, kò yé mi.

Dáramọ́lá ní: "Ìyá tó bí bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Arúgbó tí wọ́n ní kó ṣọ́lé, ebi ló pa á sórí òkè yìí. Àwa náà ń kọ ọ́ lórin, màmá. Ẹkún la fi ń kọ ọ́." Ó yíjú sí Gàfárù, ó sì gbá a létí tí Gàfárù fi ṣubú lulẹ̀. "Ìwọ lo kó wọn wá mu omi wa lẹ́ẹ̀kejì!"

Ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Òkò kọ́kọ́ fò, lẹ́yìn náà ni igi. Wọ́n yí àdá padà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ na èèyàn lẹ́yìn, ó ń dún pàà lórí ara. Alápatà kan láti Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ tó bá wa lọ fọ́ fìláásì mọ́ ẹnì kan lórí, ẹni náà fi ọkọ́ dá a padà, orúnkún alápatà yẹ̀, ó ń ké bí màlúù tó máa ń pa. Obìnrin kan nínú wa yí láti orí àpáta, ó fi iwájú orí gbá òkúta. Ẹnì kan fi èékánná fà mí lọ́rùn, yẹtí mi ya etí mi kọjá. Mo bù ú jẹ lápá títí ẹnu mi fi korò. Mo ń jà, mo ń sunkún, mo sì mọ̀ pé ẹnu mi ló dá a sílẹ̀.

Mikail ṣì wà létí omi. Kò rí apá òsì rẹ̀, apá òsì náà sì ni òkò gbà wá. Ó ya etí rẹ̀, ó wó lulẹ̀. Géńdé méjì dé orí rẹ̀ pẹ̀lú igi ọkọ́.

Gbogbo àwa ará Bẹyẹrunkà ń pariwo: "Àkíbù, lù wọ́n! Àkíbù!" Gbogbo wa mọ̀ pé tí ọwọ́ yẹn bá dìde, mẹ́rin á ti sùn kí àwọn yòókù tó sá. Mo rí i tó di ẹ̀ṣẹ́. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó yọ jáde. Ó tú ẹ̀ṣẹ́ náà. Ó sáré, ó da ara rẹ̀ bo àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ọ̀tún Mikail, ojú kan tó ṣẹ́kù.

Wọ́n na ẹ̀yìn rẹ̀, kò mira. Wọ́n na orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ ló fi dáàbò bo ojú onítọ̀hún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ náà. Mo gbọ́ bí ìka ṣe ń kán, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí igi ìdáná tó gbẹ. Láti abẹ́ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Mikail: "Ẹ lù wọ́n! Bọ̀ọ̀dá, ẹ lù wọ́n! Ẹ dìde kí ẹ lù wọ́n!"

Gbólóhùn àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Àkíbù kò gbé ọwọ́ kúrò.

Gàfárù, ẹni tí Àkíbù ti sọ ìbúra rẹ̀ fún rí, ló rá kòrò wá, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu rẹ̀, ó di Dáramọ́lá lẹ́sẹ̀ mú. "Kò ní jà! Ẹ wò ó, ó ti búra, kò ní jà láéláé! Ta lẹ wá ń bá jà?" Dáramọ́lá wo ọkọ mi. Lílu ẹni tí kò lu ni padà, ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ó na ọwọ́ sókè, àwọn yòókù dúró, wọ́n ń mí. Ọ̀kan nínú wọn ti ń sunkún.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí, lórí àpáta tó gbóná, ẹ̀jẹ̀ etí mi ń kán sí i. Mo ní kí ó má bínú. Mo ní n kò mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹ dìde, màmá," ló wí. Kò wo ojú mi. "Ẹ gbé èèyàn yín. Ẹ lọ kọ́ oríkì mìíràn."

Ìró mi méjèèjì la fi gbé Àkíbù sọ̀kalẹ̀, mẹ́rin lára àwọn tí a jọ lọ dì í mú. Nílé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù, wọ́n ní egungun ìhà mẹ́ta ló dá, ìka méje ló kán, méjì nínú wọn kò sì ní tọ́ mọ́ láéláé. Dókítà béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó kàn mi orí. Wọ́n tan iná sí ojú Mikail, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Mikail jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, àṣé ìbínú ni.

"Èèyàn burúkú ni yín, bọ̀ọ̀dá," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Èmi ọmọ ìyá yín, ẹ lè lu èmi. Àwọn tó fẹ́ pa wá, ẹ ò lè lù wọ́n! Irú ìbúra wo nìyẹn? Ta ló ní kí ẹ búra? Ṣé mo ní kí ẹ búra ni? Fèrèsé ni mo ní ká fi sí yàrá, fèrèsé lásán! Títí di òní ẹ ò tíì rẹ́ ihò yẹn, páálí lẹ fi dí i, òjò ń wọlé, eku ń wọlé, mo ń wò yín. Ọjọ́ ìgbéyàwó Hikmat, ẹ wọ agbádá tó gùn ju yín lọ, ẹ fi gbálẹ̀ káàkiri, gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sọ fún yín, mo panu mọ́. Ẹ tún lọ kun géètì ilé ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé! Ta ló ń kun irin báyẹn…"

Kò sinmi. Ó ń to ọdún mọ́kànlá jọ, ó ń sọ ọ́ lù ú. Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó ní òògùn ìrora ni, pé á jẹ́ kó sùn. Àkíbù gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé bí ọmọ tuntun, ó fi dá a dúró.

"Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná," ló wí. "Àbúrò mi ń bá mi sọ̀rọ̀."